Òkúta Inú Kíndìnrín Tí À Ń Jogún

Kíndìnrín méjì ló wà lára wa. Iṣẹ́ wọn ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀: wọ́n á da ìdọ̀tí sínú ìtọ̀, wọ́n á sì dá ohun tó wúlò padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Báwo ni òkúta yìí ṣe ń wáyé?

Èròjà kan tó ń jẹ́ sísítíìnì wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹran àti ẹja. Bí alábàárù ṣe ń gbé ẹrù ní Mile 2 l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹ́rù tó wà lára sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ń gbé sísítíìnì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan wà tí agbẹ́rù yìí kò ṣiṣẹ́ lára wọn láti ìgbà tí a ti bí wọn. Sísítíìnì á kún inú ìtọ̀ wọn. Kì í tètè yọ́ nínú omi, nítorí náà á dì, á sì di òkúta. Maikirosíkóòpù máa ń fi í hàn nínú ìtọ̀: ègé pẹlẹbẹ tó ní igun mẹ́fà. Wollaston, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe òkúta yìí ní 1810.

Báwo la ṣe ń jogún rẹ̀?

Bí a ṣe ń jogún àrùn ẹ̀jẹ̀ SS ni. Ara bàbá àti ìyá lè le, kí kálukú wọn sì gbé àbùkù kan. Ọmọ tó bá gba méjèèjì ni àrùn ń mú. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Kí la lè ṣe?

Ìrora líle ní ìhà, èébì àti ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ni àmì rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ léwe, tó ń padà wá, tó sì tún ń ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà.

Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Àgbàlagbà tó ní àrùn yìí nílò lítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́: píọ̀ wọ́tà 6 tó jẹ́ 50cl nìyẹn. Kó mu nínú rẹ̀ lóru pẹ̀lú. Ní Festac àti káàkiri Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin l'Ékòó, ọ̀pọ̀ ilé ló ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹruwá. Bí owó omi bá ń dunni, ẹ dín ti aṣọ fífọ̀ kù, ẹ má dín ti ẹnu kù. Ẹ dín iyọ̀ kù pẹ̀lú. Dókítà tún ní oògùn tó ń dín kíkan ìtọ̀ kù.

Bí òkúta bá bá ìtọ̀ jáde, ẹ má jù ú nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá tó mọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò.