Wo Ẹ̀yìn Iná Kí O Tó Ra Òmíràn

Àbúrò mi, òjò ti dé, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà á ti rí i: o jí láàárọ̀, o fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde, àfi bí ojú iná iwájú ṣe ṣú bí fèrèsé ilé ìdáná tí wọ́n ti ń se ẹ̀wà. Má jáyà. Sún mọ́ mi, kí n fi ohun tí mo máa ń ṣe hàn ọ́.

Kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ṣé ìrì tín-ín-rín ni, àbí omi ló ń kán? Ìrì kì í ṣe àìsàn. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti dá ihò kékeré sára ilé iná, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé kó sì máa jáde bí iná ṣe ń gbóná tó ń tutù. Tí ojú ọjọ́ bá tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yẹn á lẹ̀ mọ́ ike iwájú. Tan iná, kí o wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Tó bá ń ká kúrò, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àmọ́ tí omi bá ń ṣàn wálẹ̀ bí òógùn, tó sì kóra jọ sí ìsàlẹ̀ iná, ó ti ríbi gbà wọlé nìyẹn.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí o gbọ́ mi. Lásìkò òjò èṣí, omi wọ iná apá ọ̀tún ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi. Mo ti ń ka owó pé kí n gba ọjà Ládípọ̀ lọ ra odidi iná, kí ọkàn mi tó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn iná, mo fi ìka wá rọ́bà tó yẹ kó bò ó. Ihò gbayawu ni mo bá. Ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó bá mi fi gílóòbù LED sí i ni kò dá a padà, torí ìdí gílóòbù náà gùn, rọ́bà ò lè dé mọ́. Mo rí rọ́bà ọ̀hún níbi tó há sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, eruku ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ gílóòbù sí èyí tí ìdí rẹ̀ kúrú, mo tẹ rọ́bà náà yípo títí ó fi jókòó. Òjò ti rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn láìmọye ìgbà, ojú iná yẹn mọ́ kedere.

Kí o tó dé rọ́bà tìrẹ padà, mú kí inú iná náà gbẹ. Pa iná, jẹ́ kó tutù, yọ gílóòbù. Má fi ìka kan dígí gílóòbù halogen o! Òróró ara ọwọ́ á mú kí ojú kan gbóná jù, kò sì ní pẹ́ jó. Aṣọ mímọ́ ni kí o fi mú un. Kọjú ọkọ̀ sí oòrùn ọ̀sán, ṣí ẹ̀yìn iná sílẹ̀, ta aṣọ nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí kòkòrò.

Oòrùn ò yọ? Ẹ̀rọ tí o fi ń mú irun gbẹ ńkọ́? Atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí o lò, má sì sún un mọ́ ike. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn àpò pélébé inú páálí bàtà tuntun, tí hóró inú wọn máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. N kì í dà wọ́n nù mọ́. So mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ okùn, jẹ́ kí wọ́n sùn sínú iná mọ́jú, wọ́n á fa ọ̀rinrin tó kù mu. Fà wọ́n jáde kí o tó dá gílóòbù padà, nítorí ooru.

Ẹni tó bá ní kí òun lu ihò sídìí iná kí omi lè máa jáde, má gbà fún un. Ihò yẹn ni omi ojú ọ̀nà àti eruku á máa gbà wọlé, àwọ̀ fàdákà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, iná á sì di fìtílà. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ihò atẹ́gùn tó bá a wá.

Bẹ àwọn tó ń fọ ọkọ̀ rẹ kí wọ́n má kọ ẹnu ẹ̀rọ omi alágbára yẹn sí etí iná.

Tí gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ bá ti gbó, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó bá ọ tú u, kó ha ti àtijọ́ kúrò, kó fi tuntun sí i. Tó bá jẹ́ pé fàdákà inú ló ti ṣí, ra òmíràn. Ṣùgbọ́n kí o tó sanwó, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn lè máà ní rọ́bà mọ́, wàá sì nílò rẹ̀ kí òjò alẹ́ tó dé.