Iko kì í ṣe òwú: ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ àdìrẹ ní Kẹ́mta

Iko kì í ṣe òwú, òwú kì í sì í ṣe okùn. Ẹni tó bá dàgbà láàárín àwọn aládìrẹ Kẹ́mta l'Abẹ́òkúta kò ní ṣi àwọn mẹ́ta yìí pè, nítorí ohun tí wọ́n bá fi di aṣọ ló ń pinnu ọnà tí yóò jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, "òwú" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò gbogbo wọn. Ó yẹ kí èyí dun gbogbo ẹni tó fẹ́ràn èdè yìí, torí bí orúkọ ohun èlò bá ti parẹ́, ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

Kẹ́mta lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ẹ̀kọ́ báyìí. Ìtàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń sọ ni pé agboolé Jójọlá ní Kẹ́mta ni àdìrẹ Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Olóyè Míníyà Jójọlọlá Ṣóẹ̀tán, Ìyálóde Ẹ̀gbá kejì. Ẹfúnróyè Tinúbú, tó papò dà ní 1887, ló kọ́kọ́ jẹ oyè náà. Aṣọ òfì tó ki ni wọ́n ń dì níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti òkè òkun kún ọjà ni ọnà wínniwínni wá rọrùn láti ṣe.

Judith Byfield kọ odindi ìwé kan, The Bluest Hands (2002), lórí àwọn obìnrin tó ṣe iṣẹ́ yìí l'Abẹ́òkúta láàárín 1890 sí 1940. Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn obìnrin náà kì í gbàgbé: aládìrẹ ló ń ṣe ọnà sára aṣọ, aláró ló ni ìkòkò aró. Ẹnì kan lè ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni wọ́n. Akọ̀ròyìn tó pe gbogbo wọn ní "aláró" ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti aṣọ kan fún ọjọ́ púpọ̀ kí aró tó kàn án rárá.

Ara ọ̀pẹ ògùrọ̀ ni iko ti ń wá. Ewé tí kò tíì là ni wọ́n ń gé, awọ fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń sá gbẹ. Èékánná lásán lè là á sí tẹ́ẹ́rẹ́ bó bá ṣe wu ẹni tó ń dì í. Pẹlẹbẹ ni, kò rí roboto bí òwú. Nítorí náà, bí wọ́n bá wé e yí orí aṣọ tí wọ́n ká jọ, á bo ibẹ̀ dáadáa, aró kò ní ráyè wọlé. Òwú ní tiẹ̀ a máa mu aró bí aṣọ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe fún un mọ́ aṣọ tó ni yóò ṣe dá aró dúró tó. Iko ni wọ́n fi ń di oṣù bàmbà, àwọn òbìrìkìtì ńlá tó funfun lára aṣọ dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òbìrìkìtì kéré, wọ́n á di kóró èso tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ. Gbogbo èyí ni àdìrẹ oníko. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní àdìrẹ olówùú.

Òwú ní ibi tirẹ̀, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni. Níbẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán ọnà sára aṣọ, wọ́n á sì fa òwú náà títí aṣọ yóò fi sún kì. Òwú tó bá já lẹ́nu fífà ti ba ọnà jẹ́. Èyí tó bá sì nípọn jù á dá ihò sí aṣọ. Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti inú ìkòkò jáde, òwú àti aṣọ ti di àwọ̀ kan náà, ẹni tó fẹ́ fi abẹ tú u gbọ́dọ̀ ní ojú tó mú, kó má baà gé aṣọ mọ́ òwú.

Okùn ńkọ́? Ohun tí wọ́n lọ́ pọ̀ láti inú fọ́nrán púpọ̀ ni okùn, ó sì lágbára ju òwú lọ. Ọ̀rọ̀ fọ́nrán yìí náà ni àwọn oníròyìn ń lò fún fídíò báyìí. Kò burú, bí wọn kò bá ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti yá a.

Ibi tó ń ta ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ní kókó jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Dì ni ká mú nǹkan papọ̀ kó fún. So ni ká fi okùn mú nǹkan mọ́ ibì kan. Dè ni ti ẹran tàbí ẹlẹ́wọ̀n tí a kò fẹ́ kó sá lọ. Wé ni ká yí nǹkan ká nǹkan, bíi gèlè. Nítorí dì ni àdìrẹ fi jẹ́ à-dì-rẹ: wọ́n dì í, wọ́n rẹ ẹ́. Ẹ kíyè sí ohùn náà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: a ń di ẹrù, a ń de ewúrẹ́, ṣùgbọ́n dì í, dè é. Ẹni tó kọ "dì ẹrù" kò kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Àpẹẹrẹ kan láti òkèèrè á la ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí yé wa. Àwọn apẹja kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà a máa fi òwú tín-ín-rín mú ìyẹ́ adìẹ mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Òwú ṣẹ́dà ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Náílọ́ọ̀nù àti pọlíẹ́sítà ló wọ́pọ̀ báyìí, nítorí pé ṣẹ́dà a máa jẹrà. Òwú tó bá nípọn á sọ orí kòkòrò náà di ràbàtà. Kí ni Yorùbá yóò pe iṣẹ́ yìí? Kì í ṣe dì. Wọ́n ń wé òwú mọ́ ìwọ̀ ni, wọ́n á wá ta kókó sí i níparí.

Àmì ohùn kò ṣeé fi ṣeré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ran òwú ni iṣẹ́ ìyá àgbà tó ń sọ òwú oko di fọ́nrán. Rán aṣọ ni iṣẹ́ télọ̀. Òwú ni wọ́n ń gbìn, owú ni orogún ń jẹ, Òwu sì ni ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé l'Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá. Ọba wọn ni Olówu. Ẹni tó ń ta òwú lọ́jà ni olówùú. Bákan náà, àdìrẹ ni aṣọ, adìrẹ sì ni àwọn kan ń pe adìẹ ní ẹ̀ka èdè wọn. Ẹni tó bá yọ àmì kúrò lórí á kàn ta adìẹ fún oníbàárà tó ń wá aṣọ.

Àwọn kan á ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà sí i, tí ẹnikẹ́ni kò dì í? Òótọ́ ni. Orúkọ àdìrẹ ti gbòòrò kọjá iko, nítorí pé iṣẹ́ àwọn obìnrin kan náà ni, inú aró kan náà ló sì ń wọ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà sí, tó wá ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó lọ́jà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, kò ní àwíjàre yẹn. Wọn kò dì í, wọn kò fi ẹ̀kọ yà á, wọn kò rẹ ẹ́. Àwọn tó ń tà á lè pè é ní aṣọ alátẹ̀ tó ní ọnà àdìrẹ, kí oníbàárà mọ ohun tó ń san owó lé lórí.