Kí Ẹ Tó Sanwó Sípíkà Àtijọ́: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ ní Shango

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń tún rédíò àti sípíkà ṣe ní Shango níbí, àti káàkiri Minna, bí oníbàárà bá fẹ́ ra sípíkà tòkunbọ̀ ayé àtijọ́, ìbáà ṣe Wharfedale, Sansui, Pioneer tàbí JBL, ẹ̀yin ló ń mú dání lọ sọ́jà. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ ló máa fi owó rẹ̀ tẹ̀ lé. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá: ẹ má fi orúkọ àti pátákó dídán dá ọjà lẹ́jọ́. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, àti bóyá ẹ lè rí i pààrọ̀, ni kí ẹ fi díwọ̀n owó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí páálí. Ẹ ṣí aṣọ iwájú, kí ẹ wo etí tó so páálí mọ́ férémù irin. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe etí ọ̀pọ̀ wúfà láti àwọn ọdún 1970 wá. Fóòmù sábà máa ń jẹrà láàárín ọdún 15 sí 20, yálà wọ́n lo sípíkà náà tàbí wọn kò lò ó. Ẹ fi ìka kàn án jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí tó rún bí ìyẹ̀fun, ó ti tán. Ẹ má tìtorí ìyẹn sá: fóòmù ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ọjà. Etí rọ́bà àti ti aṣọ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ti páálí wọlé díẹ̀, kí agbára yín dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì padà láìdún. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń ha, kóìlì ti ń fara kan irin nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé kóìlì ti jó, ó sì lè jẹ́ pé òòfà ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Sípíkà tó gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kútọnu, tí wọ́n jù sórí ọkọ̀, tó gba ojú ọ̀nà oníkòtò dé ọ̀dọ̀ wa, kò ṣòro kí òòfà rẹ̀ yẹ̀. Irú èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ má lọ láìmú mítà dání. Sípíkà tí wọ́n kọ ọ́ọ̀mù 8 sí lẹ́yìn yóò fi nǹkan bíi 5.5 sí 7 hàn. Ti 4 yóò fi bíi 3 sí 3.5 hàn. Bí mítà kò bá mì rárá, nǹkan ti já. Ṣùgbọ́n ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: bí ẹ bá fi mítà sẹ́nu wáyà ẹ̀yìn àpótí, wúfà nìkan ló ń kà. Kápásítọ̀ tó wà níwájú twítà kì í jẹ́ kí iná bátìrì mítà kọjá débẹ̀. Twítà lè ti kú pátápátá, kí mítà ṣì máa fi 6 hàn. Etí ni ẹ óò fi mọ̀: ẹ sún mọ́ twítà dáadáa nígbà tí orin bá ń lọ. Kápásítọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún náà sábà máa ń gbẹ. Ẹ fi kún ìṣirò.

Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ sì lo orin tí ẹ mọ̀ dunjú. Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá dára fún iṣẹ́ yìí: àgídìgbo yóò dán wúfà wò, gángan àti ohùn olórin yóò dán àárín wò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò dán twítà wò. Ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ tó pa méjèèjì pọ̀. Bí béèsì bá sá lọ nígbà tí wọ́n jọ ń dún, ó ṣeé ṣe kí wáyà ọ̀kan ti yí padà. Ẹ fi bátìrì 1.5 kan ẹnu wáyà àwọn méjèèjì: páálí wọn gbọ́dọ̀ sún sí apá kan náà. Sípíkà tí ọlọ́jà bá kọ̀ láti tàn, ẹ kà á sí òkú, owó òkú sì ni kí ẹ san.

Àwọn ọjà kan ní tiwọn lọ́tọ̀. Bose 901, tó jáde ní 1968, kò pé láìsí àpótí kékeré equalizer tó bá a wá. Bí kò bá sí, ohùn rẹ̀ kò ní gún. Yamaha NS-10 jáde ní 1978, Yamaha sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2001. Páálí wúfà rẹ̀ funfun. Bí ẹ bá bá dúdú níbẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Sípíkà tí amplifier wà nínú rẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: iná Japan jẹ́ vólítì 100, ti Amẹ́ríkà 120, tiwa 230.

Nígbà tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ ro owó ọjà, owó fóòmù, owó kápásítọ̀ àti owó iṣẹ́ pọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju iye tí sípíkà tó dá ṣáṣá ń lọ, ẹ ní kí oníbàárà fi sílẹ̀, kódà bí ọlọ́jà bá ti ṣèlérí nǹkan fún yín. Gbàgyí, Núpé, Haúsá àti Yorùbá ló ń gbé iṣẹ́ wá bá wa ní Minna, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni wọ́n sì ń gbára lé. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tiyín.