Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìmọ̀ Adágún: Àpẹẹrẹ Adágún Mendota

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ adágún kò ní í pẹ́ rí i pé àìsí ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Yorùbá mọ odò yàtọ̀ sí ọ̀sà, ó mọ ọ̀sà yàtọ̀ sí òkun, ó sì mọ adágún tí kì í ṣàn. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ èyí tí ó yẹ nínú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá wá síni lọ́kàn. Ọ̀nà tí ó dára jù láti mọ̀ ọ́n ni pé kí a padà síbi tí àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n sọ lórúkọ, kí a wo ohun náà fúnra rẹ̀ kí a tó wo orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un.

F.-A. Forel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland, ni ó gbé ìmọ̀ yìí dìde nínú ìwé rẹ̀ lórí adágún Geneva, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1892. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí ìwádìí, ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìlanilọ́yẹ̀ ti jọ ń rìn pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, etí adágún Mendota ni a ó gbà lọ, ní ìlú Madison, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Ọgbà Yunifásítì Wisconsin wà létí omi náà gan-an. Ibi tí ó jìn jù nínú rẹ̀ tó mítà 25.

E. A. Birge dé yunifásítì náà ní 1875. Àwọn ẹ̀dá wíwẹ́ inú omi, tí wọ́n jẹ́ ẹbí edé àti akàn, ni ó ń wádìí. Wọ́n wà lára àwọn tí a ń pè ní plankton. Àwọn kan yóò fẹ́ pè wọ́n ní 'ẹ̀dá aléfòó', ṣùgbọ́n ojúoró àti òṣíbàtà náà ń léfòó, wọn kì í sì í ṣe plankton. Ó sàn kí a yá ọ̀rọ̀ náà lò: pláńkítọ́ọ̀nù.

Birge ṣàkíyèsí pé nígbà ooru, àwọn ẹ̀dá rẹ̀ pọ̀ lókè omi, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí a wọn ooru omi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ yé e: omi òkè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti ìsàlẹ̀ tutù, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín tí ooru ti ń já wálẹ̀ lójijì. Ní 1897 ó pe ìpele yìí ní thermocline. Ẹni tí ó bá tọpa gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà lédè Gíríìkì yóò pè é ní 'ìdàgẹ̀rẹ́ ooru', apẹja tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò máa ro ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́. 'Ààlà ooru' yẹ ẹ́ jù. Ààlà ni ó ń ya oko ẹnìkan sọ́tọ̀ sí ti ẹnìkejì, ohun tí ìpele yìí sì ń ṣe nìyẹn: ọ́síjìn tí afẹ́fẹ́ ń fún omi òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá rẹ̀. Ìwé tí Birge àti Chancey Juday gbé jáde ní 1911 lórí àwọn gáàsì inú omi fi hàn pé a lè rí adágún tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń lo ọ́síjìn tán nígbà ooru láìsí ohun tí yóò fi dípò. Ní ti ìpele méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má pe ti òkè ní 'omi ojú': ẹkún ni kíláàsì yóò rò, wọn yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀ ti tó.

Nígbà ìwọ́wé, omi òkè a tutù, a wúwo, ààlà ooru a fọ́, atẹ́gùn a sì po gbogbo omi pọ̀. Turnover ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, bí ẹni pé adágún dojú dé bí ọkọ̀. 'Ìdàpọ̀ omi' ni kí Yorùbá pè é. Bí èdè kan bá ṣi nǹkan pè, kò di dandan kí òmíràn bá a ṣì í pè.

A. D. Hasler, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1937, ni ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi odidi adágún ṣe ìdánwò. Ní 1951, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú adágún kan tí ó rí bí gángan, tí omi rẹ̀ pọ́n bí àgbo, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ dí ìbàdí rẹ̀ tí ó fún. Apá kan di Peter, èkejì di Paul. Wọ́n da láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí a ń rí nínú òkúta ẹfun tí a sun, sínú Peter, omi rẹ̀ sì mọ́ sí i; wọn kò fọwọ́ kan Paul. Irú ipò tí Paul wà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní control, àwọn olùkọ́ kan sì lè fẹ́ fi 'àkóso' túmọ̀ rẹ̀. Àṣìtúmọ̀ pátápátá nìyẹn. Paul kò kóso ohunkóhun. Òun ni a fi ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Peter. 'Adágún ìfiwé' ni.

Ní ti ìlanilọ́yẹ̀, ohun èlò tí ó rọrùn jù ni àwo Secchi, tí Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì, fi wo bí omi òkun ti mọ́ tó ní 1865. A so àwo pẹlẹbẹ mọ́ okùn, a ń sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi títí ojú kò fi rí i mọ́, a sì wọn okùn. Láti 1986 ni àwọn ará Wisconsin tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń fínnúfíndọ̀ ṣe èyí ní àwọn adágún tí ó wà nítòsí wọn.

Àwo náà máa ń tètè pòórá níbi tí omi bá ti dúdú bí ewé. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ ni òjò ń gbá wọnú Mendota, tí pláńkítọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé fi ń gbilẹ̀. Bí wọ́n bá kú, wọ́n a rì, a sì jẹrà nísàlẹ̀ ààlà ooru, níbi tí ọ́síjìn kò ti pọ̀. Eutrophication ni orúkọ rẹ̀. 'Àjẹkì' ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ àjẹkì ni ó lẹ̀bi rẹ̀, adágún kò sì bu oúnjẹ fúnra rẹ̀. 'Ìbọ́jù' ni ó tọ́, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò béèrè lọ́gán pé ta ni ó ń bọ́ ọ. Ìbéèrè yẹn gan-an ni yunifásítì gbọ́dọ̀ gbé tọ àwọn àgbẹ̀ àti ará ìlú lọ. Nígbà tí ó fi di 1971, a ti darí omi ìdọ̀tí ìlú kúrò nínú Mendota; ti inú oko ni ó kù.