Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí: Mímú Àwọn Ọmọdé Lọ Wo Òdòdó Ìgbà Ìrúwé

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìyá àgbà kò sì yé rékọjá òkun lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Nítorí wọn ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ìgbà òtútù ìlú òyìnbó gùn. Nígbà tí ó bá kásẹ̀ nílẹ̀, ìgbà ìrúwé a dé, òdòdó a sì bo inú igbó. Àsìkò náà ni ó yẹ kí a mú àwọn ọmọdé jáde lọ wò ó fún ọjọ́ kan. Ohun pàtàkì tí a fẹ́ kí wọn kọ́ níbẹ̀ ni bí a ti í gbádùn ohun tí ó dára láìmú un lọ sílé.

I. Ibi tí a ó lọ

Kò di dandan kí a ná owó púpọ̀. Ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́bàá Thamesmead níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, igbó kan wà tí a ń pè ní Lesnes Abbey Woods. A kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth, tí a ṣí ní ọdún 2022, yóò sọ̀ ní Abbey Wood, tí í ṣe òpin ọ̀nà rẹ̀ ní ìhà ibẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn dé igbó náà.

Òdòdó méjì ni ó mú kí a máa sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ìkíní ni daffodil, aláwọ̀ ìyeyè, tí í tanná ní oṣù kẹta. Ìkejì ni bluebell, tí orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí agogo kékeré, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Láti òpin oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni a sábà máa ń rí i dáadáa. Ó ń yára tanná kí ewé àwọn igi ńlá tó pọ̀, kí òjìji wọn tó dí oòrùn mọ́ ọn.

II. Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ewé ni í bọ́ iṣu. Bí a bá já ewé iṣu kí ó tó gbó, a ó walẹ̀ títí, a kò ní bá ohun tí ó tóbi níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bluebell. Ó ní kókó kan nínú ilẹ̀ tí ó rí bí àlùbọ́sà kékeré. Ewé rẹ̀ ni í fi oòrùn ṣe oúnjẹ tí kókó náà ń pa mọ́ de ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ewé pa, ebi yóò pa kókó náà, òdòdó ibẹ̀ yóò sì máa dínkù. Bí ó bá sì jẹ́ irúgbìn ni ó bọ́ sílẹ̀, ó kéré tán ọdún márùn-ún ni kí ó tó tanná. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lónìí yóò ti máa lọ sí ilé ìwé kí irúgbìn ọdún yìí tó di òdòdó.

Nǹkan bí ìdajì bluebell gbogbo ayé ni ó wà ní ilẹ̀ Bírítéènì. Òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní ọdún 1981 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti hú ewéko ìgbẹ́ láìgba àṣẹ ẹni tí ó ni ilẹ̀.

III. Ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe

Ìkíní, kí a bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí a tó kúrò nílé, kì í ṣe ìgbà tí ọwọ́ wọn bá ti kan òdòdó.

Ìkejì, kí wọn máa rìn lójú ọ̀nà. Àwọn òbí mìíràn a máa gbé ọmọ sí àárín òdòdó kí wọn lè ya àwòrán rẹ̀. Kí ọmọ dúró lójú ọ̀nà. Òdòdó yóò hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkẹta, kí wọn má fi ohunkóhun sí ẹnu. Òdòdó méjèèjì yìí ní oró nínú. Kí a fọ ọwọ́ wọn kí wọn tó jẹun.

Ìkẹrin, kí wọn wọ ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, nítorí òyìnbó pẹ̀lú ní èsìsì tirẹ̀ nínú igbó.

Ìkarùn-ún, kí a fún wọn ní iṣẹ́. Kí wọn ka agogo tí ó wà lórí òdòdó kan. Kí wọn wá èyí tí oyin bà lé. Kí ìyá àgbà máa pe aró àti ìyeyè fún wọn ní èdè Yorùbá. Bí ọmọ bá ń sunkún pé òun fẹ́ mú ọ̀kan lọ, kí a fún un ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì kí ó yà á.

IV. Ahoro tí ó wà níbẹ̀

Lẹ́bàá igbó náà ni ahoro ilé ìsìn kan wà. Richard de Luci, adájọ́ àgbà ọba, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1178, ọdún kẹjọ tí a pa Thomas Becket, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury. Kádínà Wolsey tì í pa ní ọdún 1525. Ògiri rẹ̀ ti wó, ìwọ̀nba ni ó kù. Ṣùgbọ́n òdòdó ṣì ń yọ ní ọdọọdún fún ẹni tí kò bá ba ìdí rẹ̀ jẹ́.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti fi òdòdó sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò mọ bí a ti í lo ohun tí í ṣe ti gbogbo ènìyàn nígbà tí ó bá dàgbà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ewé ń ṣe fún kókó bluebell?

2. Èéṣe tí ó fi dára kí a kìlọ̀ fún ọmọ kí a tó jáde nílé?

3. Kí ni ó wà ní àdúgbò wa tí í ṣe ti gbogbo ènìyàn, tí àwọn ọmọ wa ń bà jẹ́ nítorí pé a kò kọ́ wọn?