Èémí àti Ìbàlẹ̀ Ọkàn



Ní ìparí Míísà, a máa ń rán wa jáde pé kí á máa lọ ní àlàáfíà, àwa náà a sì dáhùn pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: àlàáfíà náà ha ń bá wa délé bí? Ẹ wo ìyá kan tí ó gba Ara Kristi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ìjọ, ẹni tí ó jẹ ní gbèsè pàdé rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn ènìyàn. Ìyá náà kò fèsì. Ó délé, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, èémí rẹ̀ kúrú. Ọmọ rẹ̀ kékeré ṣèèṣì da ọbẹ̀ nù. Kí ìyá tó mọ ohun tí ó ń ṣe, ó ti gbá a létí. Ọmọ náà ni ó san gbèsè tí kò jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe dá a lẹ́jọ́. Ọkọ ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí aya, ọ̀gá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ohun kékeré kan tí ìyá náà ìbá ti ṣe láàrin ẹnu ọ̀nà ọgbà àti ilé rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kì bá fi gbéra sókè. Ohun náà ni èémí rẹ̀.

OHUN TÍ ÌDÀÀMÚ Ń ṢE NÍNÚ ARA

Ní ọdún 1915, Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé bí ara ṣe ń múra láti jà tàbí láti sá nígbà tí ẹ̀rù tàbí ìbínú bá dé. Ohun kékeré méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín wa a tú omi agbára kan sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí lù kíkankíkan, èémí a yára, iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a sì le.

Gbogbo èyí dára fún ẹni tí ó bá pàdé ejò ní ọ̀nà oko. Yóò jà tàbí yóò sá, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ejò. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kì í ṣe ejò. A kò lè fi igi pa wọ́n, a kò sì lè sá fún wọn. Wọ́n ń bá wa sùn, wọ́n sì ń bá wa jí. Nítorí náà ni ara ọ̀pọ̀ nínú wa fi wà ní ìmúra ogun láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ẹni tí ó bá sì súnmọ́ wa jùlọ fi ń di ọ̀tá.

ÌDÍ TÍ ÈÉMÍ FI Ń RÀN WÁ LỌ́WỌ́

A kò lè pàṣẹ fún ọkàn wa pé kí ó rọra lù. Èémí yàtọ̀. Ó ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá sùn, síbẹ̀ ó ń gbọ́ àṣẹ wa nígbà tí a bá jí. Bí a bá fa èémí sínú, ìlù ọkàn a yára díẹ̀. Bí a bá tú u jáde, a dẹwọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá mú kí ìjáde èémí rẹ̀ pẹ́ ju ìwọlé rẹ̀ lọ ń sọ fún ara rẹ̀ pé ewu ti kọjá. Àwọn baba wa mọ iyì rẹ̀, nítorí láti inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mí, ni wọ́n ti fa èémí àti ẹ̀mí yọ.

BÍ A TI Ń ṢE É

Èkínní: ẹ jókòó, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹ sì jẹ́ kí èjìká yín wálẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, èkejì lé ikùn lókè ìdodo.

Èkejì: ẹ gba imú fa èémí sínú jẹ́jẹ́, kí ẹ máa kà á lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ tí ó wà ní ikùn ni kí ó gbéra ju ti àyà lọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ kà dé ẹ̀fà. Ẹ má fi ipá ṣe é.

Ẹ ṣe èyí fún ìṣẹ́jú 5. Bí kíkà kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí 6 ni ẹ ó mí ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́jẹ́ a máa mí tó 12 sí 20. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ padà sí bí ẹ ti ń mí tẹ́lẹ̀.

ÈÉMÍ ÀTI ÀDÚRÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni a mú wọ inú ìjọ. Ignatius Mímọ́ ti Loyola, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdánrawò ẹ̀mí, èyí tí Póòpù Paul Kẹta fi ọwọ́ sí ní 1548, kọ́ni ní ọ̀nà àdúrà kan tí a fi ń wí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú Bàbá Wa pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń ro ìtumọ̀ rẹ̀ títí èémí mìíràn yóò fi dé.

Ní 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n yẹ àwọn ènìyàn 23 tí ara wọn le wò bí wọ́n ti ń ka Mo Kí Ọ Màríà ti Rósárì ní èdè Látìnì. Èémí wọn rọ̀ sí bíi 6 ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn wọn sì ń bá èémí náà rìn létòlétò. Wọ́n rí ohun kan náà nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń ka ọ̀rọ̀ àdúrà àwọn ará Íńdíà. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ pe ìrọ̀rùn ara ní oore-ọ̀fẹ́. Bí Ẹlẹ́dàá ti dá ara ni. Ṣùgbọ́n báwo ni àwa ti ń ka Rósárì tiwa? Ìlàjì kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí ìlàjì kìíní tó parí, bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti oko.

ÌKÌLỌ̀

Èémí jẹ́jẹ́ kì í san gbèsè, kò sì lè rọ́pò oògùn. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà má ṣe tìtorí èyí pa oògùn rẹ̀ tì. Kí ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí ikọ́ fée ń dà láàmú lọ rí dókítà. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣì lọ bá ẹni tí ó jẹ ní gbèsè sọ̀rọ̀, yóò sì bẹ ọmọ rẹ̀. Ohun tí èémí lè fún un ni àyè díẹ̀ láàrin ìbínú àti ọwọ́, kí ó lè fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Nínú àyè náà ni ènìyàn ti lè yan rere.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ilé yín nírọ̀lẹ́, ẹ dúró níta, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà bí a ti kọ́ yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọlé tọ àwọn ọmọ yín lọ.

Kí àlàáfíà Kristi bá wa délé. Àmín.