Ohun Tí Alága Kì Í Sọ Lọ́jọ́ Ìdána

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi mí pé ṣé èrè ló wà nínú ìgbéyàwó àbí òfò. Láyé tiwa, ọmọ tó bá bèèrè irú rẹ̀ sókè, ìyá rẹ̀ á ti máa ronú ilé aláfọ̀ṣẹ tó máa gbé e lọ. Èmi ò bínú. Ìdí tábìlì akọ̀wé ni mo lo ọdún iṣẹ́ mi sí ní kóòtù ìbílẹ̀ kan n'Íbàdàn, tí mò ń kọ ẹjọ́ ọkọ àti àwíjàre ìyàwó sínú ìwé, ojú mi sì rí ju ti alága ìjókòó lọ. Alága á kọrin, á gbowó, á ní kí ọkọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Á gbé obì, orógbó, oyin àti ataare sókè, á fi wúre. Kò ní sọ bí ilé ṣe ń rí lọ́jọ́ tówó bá tán.

Bí mo ṣe rí i sí, ibì kan náà ni èrè àti òfò rẹ̀ ti ń wá: ọjọ́ tí ẹ bá ti di tọkọtaya, ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe tìẹ nìkan mọ́. Ẹnìkan ti lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọ́ níbi tó o lọ, iye tó kù lápò rẹ, ìdí tí o ò fi jẹun. Bí ara bá le, tówó sì ń wọlé, ìbéèrè yìí a máa súni. Ṣùgbọ́n bí ibà bá gbé ọ ṣánlẹ̀ lóru, tí ẹnìkan ò dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó tó lọ kan ilẹ̀kùn onímọ́tò àdúgbò pé kó gbé yín dé ọsibítù, o ò ní rántí bèèrè èrè.

Owó ni mo rí tó ń tú ilé ká, ju àgbèrè lọ pàápàá. Ọkọ kan pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́ pé ó kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ìlú, òun ò mọ̀. Ó ní, "Olúwa mi, obìnrin tó lè kọ́lé tí mi ò mọ̀, kí ló kù tí ò lè ṣe?" Ìyàwó ò bá a jiyàn. Ó tú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì mi, ó ń to rìsíìtì jáde: ti sìmẹ́ǹtì, ti páànù, owó bíríkìlà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Olúwa mi, ọdún tí mo sọ fún un pé mo kó èsúsú, owó náà ló fi fẹ́ ìyàwó kejì. Ẹ bi í." Kóòtù hó yèè. Ọkọ ò rí nǹkan kan sọ. Ká ní àwọn méjèèjì da owó pọ̀ ni, ilé tí wọ́n á kọ́ á ju yàrá méjì lọ. Ẹ bá ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí: gbèsè tó wà nílẹ̀, àwọn àbúrò tó ń rán níléèwé, iye tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó bá ń sá fún ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ sá fún òun náà.

Ti àna kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Àna tó bá ọ sin òkú bàbá rẹ náà ló máa rán ọmọ wá bá ọ gbé láìsọ ọjọ́ tó ń lọ.

Alárinà ló ń wádìí fún wa nígbà kan: ṣé wọ́n ń ya wèrè nílé wọn, ṣé wọ́n ń jalè. Lónìí fóònù ló ń ṣe alárinà, fóònù kì í sì í wádìí. Ohun kan wà tí alárinà ìgbà náà ò mọ̀, jẹ́nótáìpù. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, kó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í ṣe pé ẹ ó bí mẹ́ta tára wọn le kí ó tó kan ìkẹrin; àkọ́bí lè jẹ́ SS, kí àbúrò rẹ̀ náà tún jẹ́ ẹ. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ìfẹ́ tó wọra, kì í ṣe lẹ́yìn tí káàdì ìpè ti jáde.

Òfin ni mo fẹ́ jókòó tì, torí ibẹ̀ ni omijé pọ̀ sí. Nínú àṣà Yorùbá, bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìpíngún, ọmọ ló ń jogún. Aya kì í jogún ọkọ. Wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, kí iye ìyàwó tó bímọ jẹ́ iye ọ̀nà, tàbí kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ẹjọ́ ogún Dawodu ará Èkó ni àwọn adájọ́ máa ń tọ́ka sí: ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ní 1958, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dá a pé ìdí-igi ni àṣà. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1962. Àwọn ìyàwó ńkọ́? Ojú ọmọ wọn ni wọ́n á máa wò.

Ẹni tó bá lọ sí rẹ́jísìrì ti bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn: ọkọ kan, aya kan, aya sì ní ìpín nínú ohun tí ọkọ fi sílẹ̀. Èyí tí ọkọ bá tún lọ fẹ́ nílànà ìbílẹ̀, òfin ò mọ̀ ọ́n níyàwó. Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti já. Léraléra là ń dá tọkọtaya padà ní kóòtù ìbílẹ̀ wa nítorí pé ìwé rẹ́jísìrì ló wà lọ́wọ́ wọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká, òfin 1970 sì ní kí ẹ má wá kí ọdún méjì tó pé, àfi bí adájọ́ bá fún yín láyè. Ìyàwó oṣù mẹ́ta á máa wò mí bíi pé èmi ni mo ṣòfin.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹrù tiyín wúwo jù, mi ò ní purọ́. Wọ́n á ní ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá nà ọ́, má dúró gba ìkejì. Èkó ti ṣòfin lòdì sí i láti 2007, ṣùgbọ́n kó o tó dé ọ̀dọ̀ òfin, kọ́kọ́ dé ilé bàbá rẹ. Mo ti kọ "ó ṣubú ní balùwẹ̀" sínú ìwé ju bó ṣe yẹ lọ. Balùwẹ̀ Ìbàdàn ò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí kò bá sì wù láti fẹ́ ẹnikẹ́ni, kó má torí ẹnu ayé kó sílé ẹni tí kò fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ò lọ́kọ. Ó tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yanjú, ilé rẹ̀ sì ni àwa tá a lọ́kọ ti máa ń lọ sinmi. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nìkan ni mo rí i tó sunkún lórí pé kò lọ́kọ: wọ́n ní kó mú ẹbí tó máa fọwọ́ síwèé wá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ti wà ní Kánádà. Èmi ni mo lọ fọwọ́ sí i, mo ní àbúrò mi ni.